Àlọ Nìkan Ni Mo Múra Sílẹ̀ Fún

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2024 ni. Ademola Lookman ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Àǹgólà fún Nàìjíríà kí abala àkọ́kọ́ tó parí, góòlù kan ṣoṣo yẹn la sì fi wọ ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Bí rẹfirí ṣe fọn fèrè ìkẹyìn, mo yíjú sí ọkọ mi, mo ní n ó kó àwọn ọmọ lọ sí Abidjan, ní Ivory Coast tí wọ́n ti ń gbá ìdíje náà. Kò bá mi jiyàn. Ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi láti oṣù kìíní tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ lọ wò, n kò ní purọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún 1994 nígbà tí Nàìjíríà na Zambia ní 2–1 ní ìlú Tunis, tí Emmanuel Amuneke gbá góòlù méjèèjì sáwọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, níwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré tí gbogbo agboolé rọ́ wá wò ní pálọ̀ wa. Lẹ́yìn góòlù kejì, Bàbá gbé mi lé èjìká, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Lọ́dún 2000 tí wọ́n gbá àṣekágbá mìíràn ní Súrùlérè, owó ọkọ̀ lọ sí Èkó gan-an kò sí. Mo wá di ìyá ọlọ́mọ méjì, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlá àti obìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní bí mo bá tún jẹ́ kí èyí ré mi kọjá, ìgbà wo ni n ó tún rí irú rẹ̀?

Ẹni tó bá mọ ìlú Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò mọ̀ pé Abidjan kì í ṣe òkèèrè lójú wa. Ọkọ̀ akérò ń gbéra láti Èjìgbò tààrà, ó di Abidjan. Agboolé tí kò ní èèyàn kankan níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ bá wálé wá kí ìyá àgbà, tó ń fi Faransé bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lábẹ́ igi, kò sí ẹni tí yóò yà lẹ́nu. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ìyá wa, ló wà níbẹ̀. Ọdún 1991 ló lọ, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Àbúrò bàbá wa obìnrin ló mú un lọ láti máa bá a tajà, ó sì di ẹni tó lọ́kọ, tó bímọ, tó ní ṣọ́ọ̀bù abọ́ àti ìkòkò tirẹ̀ ní ọjà Adjamé.

Bàbá wa kú ní oṣù kejì ọdún 2011. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbò ààrẹ ní Ivory Coast ló ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ìbọn ń dún ní Abobo, àdúgbò kan ní Abidjan, àwọn èèyàn ń sá kúrò nílé, ẹ̀gbọ́n mi kò sì rí ọ̀nà jáde. Orí fóònù ló ti bá wa sunkún òkú bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjà parí, a rò pé yóò wá. Kò wá lọ́dún yẹn, kò wá lọ́dún kejì. Ó ń fowó ránṣẹ́ sí Ìyá lóṣooṣù, ó ń pè é lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò wálé mọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀, àwa náà kò sì bi í.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyá gbọ́ pé mò ń lọ, ó pè mí lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ìwọ lọ wo bọ́ọ̀lù rẹ. Èmi ń lọ wo ọmọ mi." Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni Ìyá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó ní bóyá mo fẹ́ kí òun fi ẹsẹ̀ rìn ni, ṣé kì í ṣe ọkọ̀ ni?

Mo múra àlọ yẹn débi tó yẹ kí n máa fi yangàn. Ọkọ mi kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ti gbọ́ pé wọ́n máa ń dá ìyá tó bá dá nìkan kó ọmọ kọjá dúró ní bodè, wọn a fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá ọmọ mọ̀ sí i. Nítorí náà, ó kọ lẹ́tà, a sì ti ṣe ìwé ìbúra ní kọ́ọ̀tù látìgbà tí mo ti ń sọ ọ́. Páásípọ́ọ̀tù wa pé. Mo gba àyè fún àwọn ọmọ nílé ìwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ti ra tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹgbẹ́ tí yóò dé àṣekágbá. Owó nìkan ló dùn mí. Sẹ́fà kan, owó tí wọ́n ń ná ní Abidjan, ti ju náírà méjì lọ ní àkókò yẹn, gbogbo ohun tí mo tò jọ fún oṣù mẹ́fà ni mo kó fún ẹni tó ń pààrọ̀ owó, ohun tí ó kó padà fún mi kò kún ọwọ́.

A gbéra ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin. Bodè mẹ́rin ló wà láàárín Èjìgbò àti Abidjan: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji, Aflao, àti èyí tó wà láàárín Elubo àti Noé. Ní ọ̀kan nínú wọn, n kò ní sọ èwo, wọ́n béèrè yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo yọ tèmi, mo yọ ti Ìyá, mo yọ ti ọmọkùnrin mi. Ti ọmọbìnrin kò sí. Mo tú báàgì náà palẹ̀ lórí yanrìn. Orí fíríìjì nílé ni mo gbé e sí kí n má baà gbàgbé rẹ̀. Awakọ̀ ń tẹ họ́ọ̀nù, àwọn èrò ń kùn, mo sì ń sunkún bí ọmọdé. Ọkọ mi ló ya fọ́tò káàdì náà, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ó sì tó wákàtí méjì kí wọ́n tó gbà á. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìwé ìdílé wa ni mo ti ya fọ́tò rẹ̀, ó wà nínú fóònù mi, ó wà nínú ti bàbá wọn, ó sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò bá wa rìn.

Nínú wákàtí méjì yẹn, Ìyá jókòó sórí àpótí lábẹ́ ibòòji, ó pe àwọn ọmọ mi méjèèjì sọ́dọ̀. Kò bínú, kò sì dá mi lẹ́bi. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí a kò ti ní ohun tí à ń ṣe, kí wọ́n wá kọ́ oríkì ilé wọn. Ó sọ ọ́, wọ́n ń tún un sọ. Ọmọkùnrin mi ṣe é bí ẹni tí wọ́n fipá mú, ojú rẹ̀ wà lára fóònù. Mo rántí pé mo fẹ́ sọ fún Ìyá pé kó jẹ́ kí ọmọ náà sinmi.

Aflao ni Ìyá ti dákẹ́. Kò tíì gba ibẹ̀ kọjá láti ọdún 1969. Kumasi ni òun àti Bàbá ń gbé nígbà náà, ìyàwó tuntun ni, Bàbá ń ta aṣọ. Nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni ìjọba Busia kéde pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí apá wọn ká ni wọ́n dì. Wọ́n fi igbá aṣọ méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò kan pé àwọn ń bọ̀ wá gbé e. Ìyá wo ojú fèrèsé ọkọ̀ títí a fi kọjá gbogbo ìsọ̀ tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Ibí yìí la sùn sí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá yín ní a ó padà." N kò mọ ìtàn yẹn rí. Ogójì ọdún ni mo ti lò láyé, ìyá mi kò sọ ọ́ létí mi, àfi ìgbà tí ọkọ̀ gbé wa gba ojú ibẹ̀ gan-an kọjá.

A wọ Abidjan ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. N kò lè kọ bí ẹ̀gbọ́n mi àti Ìyá ṣe pàdé ní gáréèjì. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sórí kọnkéré, kò dìde. Ìyá kàn ń fọwọ́ pa á lórí. Àwọn tó ń sáré gbé ẹrù yà kúrò lójú ọ̀nà fún wọn.

Nílé, àtíẹ́kẹ́ àti ẹja díndín ló ń dúró dè wá. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe àtíẹ́kẹ́, bí a ṣe ń fi ṣe gàrí, àmọ́ wọn kì í yan án, ooru omi ni wọ́n fi ń sè é. Ìyá jẹ ẹ́, ó ní gàrí tó ti gbọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Anango, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, àwọn ọmọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Alẹ́ ọjọ́ keje ni ilé pín sí méjì. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, tó jẹ́ aago mẹ́fà nílé, ni Nàìjíríà kojú Gúúsù Áfíríkà ní Bouaké. Gbogbo wa ni a jọ kígbe nígbà tí William Troost-Ekong gbá pẹ́nárítì wọlé. Nígbà tí Osimhen gbá ìkejì, àwa la kọ́kọ́ fò sókè. Àṣé VAR, fídíò tí rẹfirí fi ń yẹ ìṣẹ̀lẹ̀ wò, ń wo ẹ̀yìn bọ̀: wọ́n fagi lé góòlù yẹn, wọ́n sì fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹ́nárítì. Mokoena gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún. Ìyá ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n náà, ọkàn òun kò gbà á. Nígbà tó di pẹ́nárítì, Stanley Nwabali mú méjì, Iheanacho gbá èyí tó kẹ́yìn, 4–2. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ wa, inú wọn dùn fún wa tọkàntọkàn. Aago mẹ́jọ, Ivory Coast wọ pápá pẹ̀lú Kóńgò. Nígbà tí Sébastien Haller gbá tiwọn wọlé, gbogbo Adjamé mì tìtì. Lẹ́yìn náà ni pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wá dákẹ́, nítorí gbogbo wa ló yé pé ara wa la máa kojú lọ́jọ́ Àìkú.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ojú àwọn èèyàn yẹn ti rí. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní, Equatorial Guinea na Ivory Coast ní 4–0 nínú ilé wọn. Kó tó dìgbà náà, àwa Nàìjíríà ti nà wọ́n ní 1–0. Wọ́n lé olùkọ́ni wọn, Jean-Louis Gasset, nígbà tí ìdíje ṣì ń lọ, wọ́n sì gbé e fún igbákejì rẹ̀, Emerse Faé. Ìgbà tí Morocco na Zambia ni wọ́n tó rí àyè kù síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ipò kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn èèyàn ń fò mọ́ Morocco níta bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni. Lẹ́yìn náà wọ́n lé Senegal, wọ́n lé Mali pẹ̀lú èèyàn mẹ́wàá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ìdánilójú: "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹni tó ti kú tó tún jí, kò sí ohun tó tún lè pa á." Mo sọ fún un pé a ó rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá, àwa márùn-ún gbéra nílé ní aago kan ọ̀sán: èmi àti àwọn ọmọ mi nínú aṣọ àwọ̀ ewé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin nínú aṣọ àwọ̀ ọsàn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ti Ìyá. Aṣọ funfun ló wọ̀. Mo bi í pé ta ló ń tì lẹ́yìn, ó ní, "Èmi tí mo wà ní àárín yín? Kí ẹ ṣáà padà wálé fún mi ni."

Ebimpé wà lápá àríwá ìlú, a gba Abobo kọjá. Pápá Alassane Ouattara wà níbẹ̀, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún èèyàn ló lè gbà. Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ níbi tí kò lè gbà kọjá mọ́, a sì rìn nínú oòrùn. Wọn kò jẹ́ ká gbé omi wọlé. Láti aago mẹ́ta títí di mẹ́jọ la fi jókòó, ọmọbìnrin mi sì ti rẹ̀ kí wọ́n tó kọ orin orílẹ̀-èdè rárá. Mo ti gbèrò ohun tí a ó jẹ kí a tó wọlé, mo ti mọ ilẹ̀kùn tí a ó gbà, mo mọ nọ́ńbà ìjókòó wa lórí. N kò tíì ronú kan gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí pápá rí. Tẹlifíṣọ̀n kì í sọ ọ́ fún èèyàn. Ariwo ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta èèyàn kì í wọ etí, àyà ló ń wọ̀. Ní ìṣẹ́jú kejìdínlógójì, Lookman gbá kọ́nà, Troost-Ekong fò ju gbogbo wọn lọ, ó fi orí kàn án wọlé. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi nìkan. Gbogbo ọsàn yẹn ti dákẹ́, àwa ewé díẹ̀ tó wà káàkiri la ń fò. Mo gbé ọmọbìnrin mi sókè bí Bàbá ṣe gbé mi lọ́dún 1994. Mo ronú kàn án, mo sì mọ̀ pé bó bá parí síbẹ̀, mo ti rí èyí tí mo wá wò.

Kò parí síbẹ̀. Franck Kessié dá a padà ní ìṣẹ́jú kejìlélọ́gọ́ta, kọ́nà ni tòun náà, orí ni òun náà fi kàn án. Láti ìgbà náà ni ìjókòó ti ń gbọ̀n lábẹ́ wa. Ní ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gọ́rin, Simon Adingra gbé bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ òsì, Haller na ẹsẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí n sọ pé ó fẹsẹ̀ kàn án, ó sì wọlé. Ọkùnrin tí wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ lára rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2022 nìyẹn. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú mi bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó dùn mí dé egungun pé a pàdánù. Ṣùgbọ́n n kò lè wo bàbá yẹn kí n kórìíra ohun tó ń pa á lẹ́kún.

A dúró wo bí wọ́n ṣe gbé ife fún wọn. Ìgbà tí a jáde ni àṣìṣe mi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí àtẹ̀gùn, èrò rọ́ wá láti ẹ̀yìn. Mo di ọmọbìnrin mi mú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn, ọmọkùnrin mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí a dé ìta, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́.

A kò yan ibi tí a ó ti pàdé bí a bá pínyà. Nẹ́tíwọ́kì ti há nítorí gbogbo ayé ló ń pe ara wọn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ọmọ náà mọ̀ lórí ni nọ́ńbà mi ti Nàìjíríà, síìmù yẹn sì wà nínú báàgì mi ní Adjamé, nítorí mo ti yọ ọ́ láti fi ti ibẹ̀ sí i. Kò gbọ́ Faransé. Kò mọ orúkọ àdúgbò ju Adjamé lọ, Adjamé sì tóbi. Mo dúró sábẹ́ òpó iná kan pẹ̀lú ọmọbìnrin mi tí sálúbàtà rẹ̀ ti já, mo fi ìborùn mi dì í lẹ́sẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà sínú èrò, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Iná aláràbarà ń bú gbàù lójú ọ̀run. Àwọn èèyàn ń jó kọjá lọ́dọ̀ mi, àwọn kan rí aṣọ mi, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n rò pé nítorí bọ́ọ̀lù ni mo ṣe ń sunkún.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ kọjá kí fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó dún. Ìyá rẹ̀ ló pè láti ilé. Ó ní a ti rí ọmọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe wá tò ó pọ̀ lẹ́yìn náà. Ó rí aṣọ àwọ̀ ọsàn kan níwájú, ó rò pé ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ó tẹ̀ lé e títí ó fi dé ojú títì. Nígbà tó yé e pé òun ti sọnù, ó jókòó ti ìyá kan tó ń ta àtíẹ́kẹ́. Ìyá náà bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ohun tó wá sí i lẹ́nu ni "Anango." Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọdá, ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń fẹ́ táyà létí títì. Yorùbá ni. Ọkùnrin náà bi í pé níbo ni wọ́n ti wá, ó ní Èjìgbò. Ó bi í pé ọmọ ilé wo. Ọmọ mi kò mọ orúkọ agboolé wa. Mo fi ojú ara mi wo ìtìjú yẹn, nítorí n kò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tí Ìyá ń fi kọ́ wọn lórí àpótí ní bodè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Kò pé, ó fo àwọn ibì kan. Kò tíì dé ìdajì tí ọkùnrin náà fi ní, "Ó tó. Mo mọ̀ yín." Ará Èjìgbò ni òun náà. Ó pe ẹnì kan lọ́jà Adjamé, ẹni yẹn pe ẹlòmíràn, ìkẹta ló ní nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí a débẹ̀, ọmọ mi jókòó sórí táyà ògbólógbòó, ó ń jẹ àtíẹ́kẹ́ nínú ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá náà. Mo fẹ́ fún un lówó, ó kọ̀ ọ́, ó ní nǹkan kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ fún mi: alẹ́ ayọ̀ nìyí, wọn kì í tajà fún ọmọ tó ń sunkún.

Ó ti kọjá aago méjì òru kí a tó délé. Ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ létí títì, wọ́n dúró. Ẹ̀gbọ́n mi gbá ọmọ náà mọ́ra pẹ́, ó sì bú sẹ́kún tó ju ti ọmọ tó sọnù tá a sì ti rí lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ sùn tán, ó sọ ọ́ fún wa láìjẹ́ pé a bi í. Ó ní lẹ́yìn ìjà 2011, òun di ẹrù lẹ́ẹ̀mejì láti wálé. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, òun dé gáréèjì, òun padà. "Ojú ló ń tì mí, Ìyá. Èmi àkọ́bí, wọ́n sin bàbá mi, n kò dà yẹ̀pẹ̀. Bí mo bá wálé, ibojì ni n ó kọ́kọ́ rí."

Ìyá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Èmi náà fi igbá aṣọ sílẹ̀ ní Kumasi pé mò ń bọ̀. Aṣọ ni, ó ti tán. Ibojì bàbá rẹ kò lọ síbì kankan. Èmi tí mo ṣì wà láàyè yìí ni mò ń darúgbó."

Ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn. N kò rí ojú rẹ̀ nínú òkùnkùn.

A lo ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ìlú kò sùn, ọsàn ló wà lára ọkọ̀, lára ajá, lára ìkókó. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin mi gbé aṣọ ewé rẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òun náà sì fún un ní ti ọsàn, ó sì wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rọ̀ ọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ tí à ń lọ, a wà ní gáréèjì. Mo ti ka ìwé wa lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mú bírò, mo kọ nọ́ńbà mi, ti Nàìjíríà, sí apá àwọn ọmọ mi méjèèjì. Ọmọkùnrin mi ní òun fẹ́ ti Màmá Abidjan náà. Ẹ̀gbọ́n mi gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sábẹ́ tèmi, ó rọra kọ ọ́, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ìyá ti jókòó sínú ọkọ̀. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ rẹ̀ jáde lójú fèrèsé sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Kọ ọ́ sí tèmi náà. Kí o sì kọ ọjọ́ tí ò ń bọ̀ sábẹ́ rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ náà mú fún ìgbà pípẹ́. Awakọ̀ tẹ họ́ọ̀nù. Nígbà tó yá, ó gbé bírò sí i, ó kọ nọ́ńbà, ó sì kọ oṣù kan sábẹ́ rẹ̀.